Àtàǹpàkò Mi Lórí Táyà Fadérẹra

Mo ti gbá ọwọ́ ọmọbìnrin náà kúrò lẹ́nu táyà kí n tó mọ̀ pé mo gbá a. Ó ti ṣí ìdérí fáàfù, ó ti fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ sì ti ń sá jáde, ṣíì, ṣíì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn náà ti pọ̀ jù fún mi.

"Ìyá, ẹ̀yin náà," ó ní, ó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. "Mo ń kánjú ni."

"Ta ni ò kánjú? Táyà tó gbóná báyìí lo fẹ́ tú? Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jàre."

Fadérẹra lorúkọ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Awakọ̀-ọwọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá tí ìjọba ṣì gbà láàyè láti fi ọwọ́ ara wọn di sítíárì mú ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ pupa, ó rẹlẹ̀, imú rẹ̀ gùn, eré ni wọ́n ṣe é fún. Táyà rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ga ju ìka mẹ́ta lọ. Bí mo ṣe rí i tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Iléṣà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Láti àárọ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ń wa ara wọn ti tò sí ẹsẹ̀ òkè wa níbí ní Ìwárájà, wọ́n tó ogójì, iná wọn ń ṣẹ́jú, àwọn èrò inú wọn ń sùn. Olóyè là ń pe àwọn ọkọ̀ yẹn, torí pé wọn kì í kánjú, wọn kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lápá Èfọ̀n, Olóyè ò ní gun òkè. Tí òjò bá sì bá a lójú ọ̀nà, ibi tó bá wà náà ni yóò dúró sí títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ, ì báà jẹ́ àárín títì. Lọ́jọ́ náà, oòrùn ṣì wà lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n orí òkè ti dúdú.

Òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bá lahùn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú àárẹ̀. Èmi Ẹ̀ṣọ́ Afẹ́fẹ́ ti Ìwárájà ni, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Táyà ọ̀tún wà ní mẹ́tàdínláàádọ́ta, tòsì wà ní márùndínláàádọ́ta. Òfin Ìṣọ́-Iná kò fẹ́ kó dín ní méjìlélógójì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Irin tí kò ní orúnkún ló ń sọ pé òun wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ, ó ṣì ń bí mi nínú. Wọ́n ṣòfin pé gbogbo ẹ̀rọ tó bá máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọn ò kàn ṣòfin pé kó mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Táyà tó le kì í jẹ iná mànàmáná tí ọkọ̀ ń fà lójú títì púpọ̀, ìyẹn nìkan ni Ẹ̀ṣọ́ mọ̀.

Fadérẹra rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, mi ò lè gbé méjìlélógójì gun òkè yẹn nínú òjò, á máa yọ̀ ni. Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n tú u débẹ̀, kí ẹ tẹ̀ka fún mi, kí n máa lọ."

"Mẹ́rìndínlógójì ti táyà tútù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwọ sáré wá láti Iléṣà, afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ ti gbóná, ó ti wú. Bí o bá tú u débẹ̀ báyìí, tí òjò bá rọ̀ lé e lókè, kò ní ju mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Pẹ̀lú ẹrù tó wà lẹ́yìn yẹn? Tó o bá dé kọ́nà, rọ́bà á máa yí lẹ́sẹ̀ rẹ bí bàtà tó tóbi jù."

Ọmọ tó mọ ọkọ̀ wà ni, ó mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ.

"Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?"

"A ó dúró kó tutù."

"Ìyá, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rèé. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè ẹni tí mo gbé."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, obìnrin àgbàlagbà kan sì yọ ẹsẹ̀ síta díẹ̀díẹ̀. Mo sáré lọ dì í mú, mo kúnlẹ̀, èmi tí mo ní orúnkún. Màmá Ìbílọlá lorúkọ rẹ̀, ará Iléṣà, ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Kẹ̀ẹ̀gì oyin méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àti àpò iyọ̀ kan, àti orógbó nínú ike.

"Ọmọ-ọmọ mi ló bímọ l'Éfọ̀n," ó ní. "Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Láti àná ni mo ti wọ Olóyè, ó gbé mi dé ìta Iléṣà, ó rí ìkùukùu, ó dá mi padà sílé. Ọmọ yìí ló gbà láti gbé mi."

Kò sí ohun tó tún kù tí mo nílò láti gbọ́. Aago mẹ́fà ni Ilé Orúkọ ń ti ilẹ̀kùn. Àgbà ilé gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ sí ọmọ létí lójú akọ̀wé kí oòrùn ọjọ́ kẹjọ tó wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ tí ẹ̀rọ bá yọ ni ọmọ yóò máa jẹ́ títí yóò fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Aládùúgbò mi kan wà tí ẹ̀rọ sọ ọmọ rẹ̀ ní Táíwò, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ bí. Gbogbo ibi tí ọmọ náà bá dé ni wọ́n ti ń béèrè Kẹ́hìndé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn àgbà yòókù ńkọ́, Màmá?"

"Èmi ni mo kù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ìka yìí ṣe rí. Bí táyà bá dín ní méjìlélógójì, géètì òkè ò ní ṣí fún un, àfi tí fọkanáísà tó ní ìwé bá fi àtàǹpàkò gbà á. Bí mo bá ti tẹ̀ka, ìrìn àjò yẹn ti di tèmi. Ohunkóhun tó bá ṣe ọkọ̀ náà, èmi ni wọ́n ń bi. Títí yóò fi dúró níbi tó ń lọ, àtàǹpàkò mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò ní ṣí ilẹ̀kùn fún mi, kò sì ní ra omi fún mi. Tí ọkọ̀ bá dé láyọ̀, wọ́n á dá a padà fún mi. Tí kò bá dé láyọ̀, wọ́n á kọ ẹ̀bi kan sí mi lọ́rùn. Tí ẹ̀bi bá di méjì, wọ́n á pa àtàǹpàkò onítọ̀hún rẹ́ pátápátá.

Mo ti ní ẹ̀bi kan. Sùnkànmí tó ń jó irin lódìkejì títì ní méjì. Ó di ọdún kẹta tó ti ń kan ilẹ̀kùn ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, kí ìyàwó rẹ̀ tó ṣí i fún un. Àìsàn ṣe é lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ ló mú un wọ ilé ìwòsàn lórí ìka tiwọn. Èmi ò ní ọkọ mọ́, mi ò sì bímọ. Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún èmi?

Mi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ fún Fadérẹra pé kó máa gbé nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ lọ. Tí ó bá yọ̀, tí ó bá ṣubú, Ẹ̀ṣọ́ ló ni í, kò sẹ́ni tí yóò bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, mo gbé e mì.

"Ti ọkọ̀ sábẹ́ màǹgòrò yẹn," mo ní. "Ìka mi wà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ọwọ́ mi bá gbà á."

Inú bí ọmọ náà. Ó ní kí n ṣáà yọ mẹ́rin kúrò nínú ohun tí géèjì bá sọ, ṣebí gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ooru kì í ju mẹ́rin lọ. Mo ní mẹ́rin ti táyà wo? Oòrùn ti na ti ọ̀tún láti Iléṣà, òsì wà níbòòji, géèjì kan náà sì ti fi méjì ya wọn sọ́tọ̀. Ó lọ bu omi, ó fẹ́ dà á sí i. Mo gba ike lọ́wọ́ rẹ̀. Omi á tu ara rọ́bà, inú rẹ̀ ò ní mọ̀.

"Àwọn èèyàn ní ẹ lágídí," ó ní. "Wọn ò tiẹ̀ sọ ọ́ dé ìdajì."

"Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi ni."

Ọkùnrin kan ló kọ́ mi ní agídí yìí, Alàgbà Adékànḿbí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, lọ́sàn-án gangan, mo tú táyà gbígbóná rẹ̀ dé nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, gẹ́lẹ́ bí Fadérẹra ṣe fẹ́ ṣe. Mo tẹ̀ka, mo ní ó dàbọ̀. Òjò bá a lókè. Ọkọ̀ rẹ̀ wọ kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ẹ̀bi mi nìyẹn, ẹ̀tọ́ mi ni.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà wá pẹ̀lú igi lábẹ́ abíyá, mo rò pé èébú ló gbé wá, mo sì ti múra láti gbà á. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n dì, ó ní, "Abọ́sẹ̀dé, mú géèjì rẹ wá, ká wá ohun tó ṣe wá." Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń wá. Gbogbo ọkọ̀ tó bá yà lọ́dọ̀ mi la ń wọ̀n ní gbígbóná, à ń wọ̀n ọ́n nígbà tó bá lọ́ wọ́rọ́, à ń wọ̀n ọ́n nígbà tó bá tutù, òun a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ló rí i pé ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí n máa fi mọ̀ ọ́n, torí àtẹ́lẹwọ́ mi ti yi, kò mọ ooru mọ́. Bí mo bá lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ sí rọ́bà tí mo fi ka ogún láìyọ ọ́, ó ku méjì péré kó tutù tán. Bí mo bá yọ ọ́ ní mẹ́wàá, ó lè ku mẹ́rin, ó lè ku mẹ́fà, mẹ́wàá máa ń parọ́ fún táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú. Oúnjẹ tí mò ń jẹ lónìí, ẹni tí mo ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ló fi kọ́ mi. Ó ti di olóògbé, ìdúpẹ́ mi ò tíì tán.

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ sí táyà òsì. Mo ka mẹ́sàn-án, ó jó mi.

Màmá Ìbílọlá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wò mí títí, ó wo orúkọ tí mo kọ sára ṣọ́ọ̀bù, ó wá ní, "Abọ́sẹ̀dé, ká ní ọmọ tìrẹ la fẹ́ lọ sọ lórúkọ lókè yẹn ńkọ́?"

"Mi ò bí, Màmá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o bí. Mo ní ká ní ọmọ rẹ ni."

Mo rò ó. "Mà á dúró."

"Ó dáa. Ká dúró." Ó wá pe Fadérẹra kó wá jókòó, ó bó orógbó kan fún un. Ọmọ náà jẹ ẹ́ tìbínú-tìbínú, ojú rẹ̀ ò kúrò lórí aago.

Márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, mo ka ogún lórí ti òsì. Ti ọ̀tún ò gbà. Mo kà á dé mẹ́rìnlá, mo tún kà á dé mẹ́tàdínlógún. Fadérẹra ti wọ ọkọ̀, ó ti gbé ọwọ́ lé sítíárì, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá náà ti padà sẹ́yìn ọkọ̀. Márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, mo ka ogún lórí ti ọ̀tún, mo tún ka mẹ́ta lé e kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Mo tú iwájú dé méjìdínlógójì, mo tú ẹ̀yìn dé ogójì. Bí wọ́n bá tutù tán, méjì-méjì á kúrò lára wọn, iwájú á wá jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, ẹ̀yìn á jẹ́ méjìdínlógójì. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ le ju iwájú lọ torí Màmá àti oyin rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Ẹ̀ṣọ́ wí, "nọ́ńbà yìí kì í ṣe tèmi. Ta ló ni ín?"

"Èmi Abọ́sẹ̀dé ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀bi kan wà lọ́rùn yín. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ tẹ̀ka?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Iná orí òpó di yẹ́lò, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi sì tì lẹ́yìn mi. Fadérẹra ti dé géètì kí n tó nàró.

Òjò ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ò tíì lọ tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó bá mi níta ṣọ́ọ̀bù ara mi, aṣọ gbígbẹ mi wà nínú ilé, mi ò sì ní ìka tí mo lè fi wọlé. Mo fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ àjà, omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ń ka ọ̀nà fún mi. Kọ́nà kìíní. Kọ́nà kejì. Ó ń kà á bí ẹni pé kò sí ohun tó kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lóòótọ́. Kọ́nà karùn-ún. Kọ́nà kẹfà.

"Kọ́nà keje," ó ní. "Ọkọ̀ náà ti dúró."

Mo ní, "Ó dúró báwo?"

"Ó dúró ni mà. Ẹ kú ìfaradà."

Kò sí ìdí tí ọkọ̀ fi ń dúró ní kọ́nà keje. Kòtò ló wà lápá kan níbẹ̀, àpáta lápá kejì. Mo rí Màmá lọ́kàn mi, mo rí àwọn kẹ̀ẹ̀gì yẹn. Àdúrà ò tiẹ̀ wá sí mi lẹ́nu. Ọpẹ́ ló wá. Mo dúpẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí mo ti lò, mo dúpẹ́ fún ọkọ mi tó lọ, fún Adékànḿbí, fún ìka tí mo ti ń fi jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́, bóyá wọn á gbà á, bóyá wọn ò ní gbà á. Mo ń dúpẹ́, mo ń sunkún. Òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

"Kọ́nà kẹjọ," ni Ẹ̀ṣọ́ wí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú meje, iná yẹ́lò kú. "Ọkọ̀ ti dé ibi tó ń lọ. Àtàǹpàkò yín ti padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire." Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí gbayawu. Mi ò wọlé.

Kò pẹ́ ni ohùn Fadérẹra gba inú òpó wọlé, ó ń mí gúlegúle. "Ìyá, Olóyè kan ló dúró gbọnrangandan sínú kọ́nà keje. Mo yọ sí i lójijì. Mo tẹ búrẹ́kì, mo ti gbà pé ó tán. Táyà di ilẹ̀ mú, Ìyá. Ó dì í mú títí ó fi dúró, ó ku bí ọwọ́ kan kí n kàn án. Ẹ̀gbẹ́ àpáta la fà gbà kọjá díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣeun. Ẹ má bínú sí gbogbo ohun tí mo sọ."

"Kí lo sọ? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé mi fún Màmá. Mò ń gbọ́ igbe ọmọ tuntun níwájú rẹ̀, àti akọ̀wé kan tó ń sọ pé kí wọ́n ṣe kíá.

"Abọ́sẹ̀dé," ni Màmá wí, "mo ti pe orúkọ tèmi sí i létí. Bàbá rẹ̀ ti sọ tirẹ̀, ìyá rẹ̀ náà ti sọ tirẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù. Tìrẹ dà?"

Mo ti lọ síbi ìkómọ tí kò níye láyé mi. Tí wọ́n bá ń yí ká, tí oníkálùkù ń sọ orúkọ tirẹ̀, tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á rọra fò mí. Wọn ò ṣe é tìkàtìkà. Wọ́n á kàn yíjú sí ẹni tó tẹ̀lé mi, èmi náà á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Màmá, mi ò sí nínú ẹbí."

"Ta ló fi ìka rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ yìí lónìí? Ṣé èmi ni? Abọ́sẹ̀dé, akọ̀wé ń wò mí o."

Mo nu omi ojú mi. "Ọpẹ́fèyítìmí," mo ní.

Mo gbọ́ tó tẹ̀ sí ọmọ náà, tó ń pè é fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ó wá ní akọ̀wé ò gbọ́ ọ dáadáa nítorí òjò, kí n tún un pè.

Mo tún un pè.